Kí O Tó Gbé Àmọ̀kẹ́ Sẹ́yìn Alùpùpù Yẹn

Ṣómólú, Èkó.
Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀sán.

Àkànní, ọmọ mi, ọkọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lánàá. Ìyá Ṣèyí tó kó òfì wá tà láti Ìsẹ́yìn ló mú un wá, mo sì ti kà á títí bébà náà fi rọ̀ bí aṣọ. Inú mi dùn pé iṣẹ́ olùkọ́ tuntun náà bá ọ lára mu. Inú mi dùn pé Àmọ̀kẹ́ ìyàwó wa ti ń jẹun padà. Mo yọ̀ pé ìwọ náà ti di ẹni tó ní alùpùpù, tí o kò ní máa dúró ní garéèjì láàárọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ nípa alùpùpù náà kò jẹ́ kí n lè jókòó. O ní iwájú rẹ̀ máa ń gbọ̀n títí dé èjìká rẹ. O ní mẹkáníìkì yín ti fún nọ́ọ̀tì ọrùn rẹ̀ le, ó sì sàn díẹ̀. O ní bóyá kò tíì mọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni o wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí o fọwọ́ sí, pé ní Sátidé ìwọ yóò gbé Àmọ̀kẹ́ lọ sí Adó-Àwáyè lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ẹ lọ kó aṣọ ọmọ tí màmá náà tọ́jú.

Aboyún oṣù méje, lórí alùpùpù tí iwájú rẹ̀ ń gbọ̀n, pẹ̀lú ẹrù. Mo kà á, mo rò pé mo ṣì í kà ni. Mo tún un kà.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ohun kan tí màá sọ fún ọ láìpẹ́, mo sáré lọ sí ilé tẹlifóònù ní Fádèyí pé kí n pe ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín. Ó dún títí, ẹnìkan gbé e, ó ń ṣe “Hẹ́lò, hẹ́lò” bí ẹni tó wà nínú kànga, ló bá já. Mo tún un pè, mo tún un pè, títí ọmọbìnrin tó ni tẹlifóònù fi ní, “Mọ́mì, ẹ kúkú lọ kọ lẹ́tà.” Òun ni mo ń kọ yìí. Ìyá Ṣèyí yóò wọ ọkọ̀ àárọ̀ padà sílé lọ́la, ó sì ní òun á yà gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ òní. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, á tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí Sátidé tó mọ́. Jókòó kà á tán. Má kà á lórí ìdúró bí o ṣe máa ń ka lẹ́tà mi.

O mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, Èkó sì tún ti dín in kù. Láti ìgbà tí mo ti wá kàwé sí i níbí, àwọn tí a jọ ń jókòó nínú kíláàsì kò dàgbà tó ọ. Mọ́mì ni wọ́n ń pè mí. Bí olùkọ́ bá béèrè ohun tí mo mọ̀ dáadáa, ohun tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, bébà mi ni mo máa ń wò títí ẹlòmíràn á fi dáhùn. Bí mo bá gba Bàrígà kọjá padà sílé, n kò ní ẹni tí mo fẹ́ yà kí. Nínú ilé tí mo gba yàrá sí, mo ń kí wọn, wọ́n ń dá mi lóhùn, kò jùyẹn lọ. Ojú nìkan ni mo fi ń bá wọn ṣọ̀rẹ́. Fèrèsé mi kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Mùfú, mẹkáníìkì alùpùpù, tó há sáàárín ilé ìtẹ̀wé méjì. Láti ìgbà tí ìjọba ti padà sọ́wọ́ alágbádá ni ọ̀kadà ti pọ̀ bí eéṣú ní àdúgbò yìí, iṣẹ́ kì í sì í wọ́n Mùfú. Ibẹ̀ ni mo máa ń wò bí ìwé bá sú mi. Mo ti wò wọ́n bí wọ́n ti ń tú táyà, tí wọ́n ń tò ó padà, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kò sì tíì bá ìkankan nínú wọn sọ ju “Ẹ kú iṣẹ́” lọ títí di òní.

Nítorí náà, má ṣe wò ó pé kí ni màmá mi mọ̀ nípa táyà. Ìwọ náà mọ̀ pé orí alùpùpù ìjọba ni mo ti ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí káàkiri abúlé, kí n tó bí ọ àti lẹ́yìn tí mo bí ọ. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, yọ ọ́ lọ́kàn pé ọwọ́ rẹ ni. Nígbà tí wọ́n fún mi ní alùpùpù náà, kò pẹ́ tí iwájú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo sọ fún dírẹ́bà ọ́fíìsì wa, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ obìnrin ni. Ẹ dì í mú dáadáa.” Mo sọ fún bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa jẹ iyán sí i. Ojú tì mí, n kò bi ẹlòmíràn. Mo dì í mú. Mo dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí mo bá dé ilé aboyún, apá mi á máa gbọ̀n bí mo ti ń fọwọ́, àwọn ìyá àgbà á sì máa wo ara wọn pé ẹ̀rù ló ń ba nọ́ọ̀sì kékeré yìí.

Ohun tó wá là mí lójú ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i. Ẹni tí alùpùpù kò bá tíì mọ́ lọ́wọ́, ibi gbogbo ni yóò ti máa gbọ̀n: lójú ọ̀nà tó dán, lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, bó bá ń sáré, bó bá ń rọra lọ. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ibi tirẹ̀. Bí mo bá ti sáré dé ìwọ̀n kan báyìí, lójú ọ̀nà tó dán, á bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dín in kù, á dákẹ́. Ọwọ́ obìnrin wo ló ń wo bí alùpùpù ṣe ń sáré sí kí ó tó gbọ̀n? Mo gbé e dúró lórí sítáǹdì, mo fi òkúta ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan di táyà mú lókè, mo fi èkejì dì í mú nísàlẹ̀, mo tì, mo fà. Ó ń dún kọ̀-kọ̀ láàárín. Bíárìn táyà, àwọn ọmọ irin inú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ó yí, ló ti jẹ tán, èmi sì ti ń jẹ iyán.

Nítorí náà, kí o tó gba ẹ̀bi sọ́rùn, kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ó ń gbọ̀n. Ṣé nígbà tí o bá ń sáré ni, àbí nígbà tí o bá ń dín eré kù? Ṣé nígbà tí o bá tẹ bíréèkì? Ṣé nígbà tí o bá yọ ọwọ́ kan kúrò láti kí ènìyàn? Ṣé ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan? O kò kọ ìkankan nínú rẹ̀ fún mi. O kàn ní ó ń gbọ̀n. Bí aboyún bá wá sọ fún mi pé inú ń dun òun, tó dákẹ́ síbẹ̀, n kò lè ràn án lọ́wọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ wo ojú ọ̀nà bóyá Ìyá Ṣèyí ń bọ̀, bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Kò tíì lẹ́. Mo ti padà.

Ìkejì, ọrùn tí mẹkáníìkì yín fún le. Lábẹ́ hándù, níbi tí iwájú alùpùpù ti so mọ́ ara rẹ̀, àwọn ọmọ irin róbótó kan wà níbẹ̀ tí hándù ń yí lé lórí. Bí nọ́ọ̀tì wọn bá dẹ̀ jù, iwájú á máa mì. Ó yẹ kí a fún un díẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé ó dẹ̀, tí a kàn fún un le kí gbígbọ̀n lè dín kù, a fi ọwọ́ bo ẹnu ẹni tó ń ké ni. Gbígbọ̀n á dín kù lóòótọ́, torí hándù kò lè mì bó ṣe fẹ́ mọ́. Ohun tó ń fà á ṣì wà níbẹ̀. Alùpùpù tí ọrùn rẹ̀ le jù sì tún burú ní tirẹ̀, a máa rìn bí ọ̀mùtí: o tọ́ ọ sọ́tùn-ún, á kọjá ibi tí o fẹ́, o fà á sósì, á tún kọjá. Gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, tọ́ hándù sí àárín gbùngbùn, rọra fi ọwọ́ kan tì í díẹ̀. Ó yẹ kí ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀ bí orí ọmọ tó ń sùn. Bí o bá tì í tí ó dúró gbagidi síbi tí o tì í dé, ó ti le jù. Bí o bá sì rí i pé ó ń há díẹ̀ ní àárín gbùngbùn, bí ẹni pé ihò kékeré kan ń gbà á, àwọn ọmọ irin náà ti bàjẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú, irin méjì tó di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, mú lọ́wọ́ méjèèjì, fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, tì í padà. Kò gbọdọ̀ mì rárá.

Ṣọ́ọ̀kì náà gan-an ló kàn báyìí, òun ló sì jẹ́ kí n sáré lọ sí Fádèyí. Jẹ́ kí n fi ara balẹ̀ sọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí, ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Kàmọ́rù wá sí ṣọ́ọ̀bù Mùfú. Èèyàn dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń kọrin sí àwọn èrò rẹ̀ létí. Ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́wà ju gbogbo èyí tó ń wá síbẹ̀ lọ. Wọ́n ti gé rọ́bà túùbù tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, pupa àti dúdú, wọ́n fi wé hándù, wọ́n fi wé iná, wọ́n fi wé ṣọ́ọ̀kì iwájú láti abẹ́ iná wá sísàlẹ̀, bí ẹni di irun sí i lára. Ó fi ẹsẹ̀ gbé e dúró, ó ní,

“Mùfú, iwájú ẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ o.”

“Ìwọ lo máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti fún ọrùn ẹ̀ fún ẹ, mo tún un fún. Àbí kí n fún tìẹ náà ni?”

“Fún un, tó bá máa jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe.”

Wọ́n gbé e sókè, wọ́n yí táyà, ó yí lọ tààrà. Mùfú di táyà mú, ó tì í, ó fà á, kò mì. Mùfú ní táyà ni yóò jẹ́. Kàmọ́rù ní táyà tuntun ni, àbí Mùfú rò pé gbogbo ayé ló ń ra àlòkù bíi tirẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ìdì ìwé jáde láti ilé ìtẹ̀wé ti dúró de Kàmọ́rù kí ó gbé òun lọ sí Palmgrove. Ó sú u, ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, tó bá jẹ́ pé òkú ọ̀kadà yìí lẹ̀ ń sin, ẹ sọ, kí n tètè wá òmíràn.”

Mo ti ń wò wọ́n láti fèrèsé mi lókè. Ohun kan wà tí mo ti kíyè sí tipẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: mẹkáníìkì kì í tú rọ́bà ọlọ́kadà. Ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó bá tú u, òun ni yóò wé e padà, wíwé rẹ̀ sì ń gba sùúrù. Nítorí náà, gbogbo ohun tí wọ́n bá ń ṣe, wọ́n á ṣe é yí rọ́bà náà po, bí ẹni ń tún ilé ṣe tí kò fẹ́ ká ẹní onílé. Mo sì tún rí i, láti ibi tí mo wà, pé rọ́bà tó wà lára ṣọ́ọ̀kì òsì nípọn ju tọ̀tún lọ lábẹ́ iná. Ẹni tó ń di irun kì í di apá kan sanra ju èkejì lọ bí kò bá ní ìdí.

“Ẹ tú rọ́bà yẹn.”

N kò mọ̀ pé ohùn mi ti jáde àfi ìgbà tí gbogbo wọn gbójú sókè. Mùfú fi ọwọ́ bo oòrùn lójú.

“Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ní kí la ṣe?”

“Mo ní kí ẹ tú rọ́bà tó wà lára ṣọ́ọ̀kì òsì.”

“Háà, Mọ́mì,” Kàmọ́rù ní, “ẹ̀ṣọ́ ni o. Ẹ má bá mi ba ọmọge mi jẹ́.”

“Ṣé ìwọ lo wé e?”

“Rárá. Bí mo ṣe rà á nìyẹn. Wíwé yẹn gan-an ló wù mí tí mo fi rà á.”

Mùfú rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó ra gèlè, kò bèèrè ojú ìyàwó.” Ó mú abẹ, ó gé rọ́bà náà láti òkè, ó ń fà á, ó ń ká a bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé abẹ́ iná, ó dáwọ́ dúró. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ibẹ̀. Ó ní irin náà ti ṣẹ́ rí, ẹnìkan ti gbé e fún wẹ́dà jó pọ̀, ó sì ti fi fáìlì fá a díẹ̀, kí ó tó fi rọ́bà bò ó. Láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó, ilà kékeré kan ti là lọ, ó pọ́n fún ìpẹtà. Mo rí i tó fi èékánná tẹ̀ lé e dé ìdajì irin náà.

Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń dún lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Obìnrin onídìí ìwé wò ó, ó wo Kàmọ́rù, ó rọra gbé ẹrù rẹ̀, ó ń lọ. Kàmọ́rù lóṣòó síwájú ọ̀kadà náà.

“Lánàá ni mo fi gbé àwọn ọmọ mi lọ sílé kéú,” ó ní. “Àwọn méjèèjì. Èyí kékeré wà níwájú.”

“Má gùn ún kúrò níbí,” Mùfú ní. “Bí o bá ní ọ̀nà, fi ẹsẹ̀ rìn.”

Lẹ́yìn náà ni Mùfú tún gbójú sókè sí mi. “Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Mo ní apá kan sanra ju èkejì lọ. Ojú wá tì mí, mo ti fèrèsé.

Àkànní, ìgbà tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ni mo rántí lẹ́tà rẹ. Mo tú u jáde. Ohun tí o kọ nìyí, mo ń dà á kọ bó ṣe wà: “Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tọ́jú rẹ̀ gan-an ni, màmá, ó fi rọ́bà aláwọ̀ mẹ́ta wé iwájú rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí táyà, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀.” Lánàá, ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú lẹ́tà náà nìyẹn.

N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wé tiwọn nítorí ẹwà, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ ju irin tó ń dán. N kò mọ̀, ìwọ náà kò sì mọ̀. Ohun tí n kò lè gbà mọ́ra nìyẹn, pé ẹ̀yin méjèèjì, àti ọmọ tí a kò tíì rí, ẹ máa jókòó lé ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Iná ti lọ. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo wá ń gbọ́ bí bírò mi ṣe ń há bébà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pariwo.

Ohun tí o máa ṣe nìyí, ọkọ mi, kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn ní ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé. Mú abẹ, gé rọ́bà náà. Gé gbogbo rẹ̀, má ṣe tú u pé o fẹ́ wé e padà. Mú omi ọṣẹ àti àkísà, fọ irin náà títí yóò fi mọ́. Wo ibi tí wọ́n bá jó, wo ilà tó bá pọ́n, wo ibi tí ọ̀dà bá tuntun ju ibi yòókù lọ. Fi ọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú kò rí. Lẹ́yìn náà, jìnnà sí i níwájú, lóṣòó, di ojú kan, kí o wo ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀. Ó yẹ kí ọ̀kan bo èkejì bí o bá lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì dọ́gba bí o bá wà níwájú. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ó ti ṣubú rí, ẹni tó tà á fún ọ sì mọ̀.

Bí ṣọ́ọ̀kì bá mọ́, kí o wá wo táyà. Yí i nígbà tó bá wà lókè, di igi ìgbálẹ̀ kan mọ́ ṣọ́ọ̀kì kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ríìmù, irin tí táyà yí po. Bí ó bá ń kan án níbì kan, tí kò kàn án níbòmíràn, ríìmù ti wọ́. Mú ṣíbí, fi lu àwọn sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ inú ríìmù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn yẹ kó jọra. Èyí tó bá dún gbọ̀ọ́ ti dẹ̀. Wo ilà tó yí etí táyà po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìmù, kí ó jìnnà sí ríìmù bákan náà yíká. Àwọn fọkanáísà tó ń kánjú kì í dúró kí táyà jókòó dáadáa, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á ní ó ti tán. Èmi náà ti gun irú ẹ̀ rí láti Ìsẹ́yìn dé oko, bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyẹn kò léwu tó ti ṣọ́ọ̀kì, omi ọṣẹ àti atẹ́gùn tuntun ló ń tún un ṣe. Bíárìn, mo ti sọ bí o ṣe máa dì í mú.

Má sọ pé o fẹ́ gùn ún sáré díẹ̀ kí o lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ̀n. Mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré ni o ti máa ń fọwọ́ kan ìkòkò láti mọ̀ bóyá ó gbóná.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí o wà lórí rẹ̀, má tẹ bíréèkì iwájú, má sì bá hándù jà. Rọra dín epo tí o ń fún un kù, fi ìdí rẹ jókòó dáadáa, di hándù mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọdé mú, jẹ́ kí eré rẹ̀ kú fúnra rẹ̀.

Ohun kan tún kù nípa ẹrù. Mo mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé: àpò méjì lára hándù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pé kí ó lè dọ́gba. Bó bá tilẹ̀ dọ́gba, orí ohun tí o fi ń tọ́ ọ̀nà ni o gbé e kọ́ yẹn, gbogbo kòtò tí o bá bọ́ sí ni yóò máa jù ú. Alùpùpù tí ara rẹ̀ dá gan-an yóò gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹrù máa wà, kí ó lọ sílẹ̀, kí ẹ sì dì í le. Ìyẹn fún ọjọ́ mìíràn ni o. Kì í ṣe fún Sátidé.

Nítorí ohun tí mo ń sọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nìyí, bí o bá fò gbogbo ìyókù: ní Sátidé, Àmọ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ gun alùpùpù yẹn. Bí o bá gé rọ́bà tí o kò rí nǹkan kan, kò gbọdọ̀ gùn ún. Bí mẹkáníìkì yín bá fi gbogbo ara búra, kò gbọdọ̀ gùn ún. Kí o kọ́kọ́ dá nìkan gùn ún díẹ̀-díẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ohun tó ń ṣe é, kí o sì wá kọ ọ́ sí mi pé kò gbọ̀n mọ́, ìgbà wo ni ó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, àti ohun tí ẹ rí. Ọkọ̀ ń lọ sí Adó láti garéèjì láàárọ̀. Kí Àmọ̀kẹ́ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, kí ìwọ jókòó sẹ́yìn, kí o gbé ẹrù lé ẹsẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ọmọ nìkan. O fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn alùpùpù náà ní Adó kí wọ́n tó rí ọ. Ní ọjọ́ tí a lọ tọrọ Àmọ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yẹn bi ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé kí ni olùkọ́ fi ń rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní eré lòun ń ṣe, ọ̀rọ̀ sì kọjá lọ. Mo jókòó sí ẹ̀yìn láàárín àwọn obìnrin, n kò sọ nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ṣùgbọ́n mo rí ọ. O wo bàtà rẹ, o sì fi ẹsẹ̀ kan bo èkejì. Ó ti yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ náà ni o ti ń gun alùpùpù lọ sí Adó lọ́kàn rẹ.

Ìyá Ṣèyí ti ń kí àwọn ará ilé nísàlẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ pa á dé.

Bí ẹ bá dé Adó, tí ẹ̀gbọ́n náà jáde, tí ó wo ẹ̀yìn yín, tí ó ní, “Alùpùpù tí a gbọ́ pé ẹ rà ńkọ́?” má wo bàtà rẹ. Sọ fún un pé ìyá rẹ ni kò jẹ́ kí o gùn ún. Sọ pé mo kọ lẹ́tà gígùn láti Èkó, pé mo le, pé n kò gba àlàyé. Kí wọ́n máa sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ìyá ọkọ Àmọ̀kẹ́ ti ń pàṣẹ kí ọmọ tó dé. Gbogbo rẹ̀ ni kí o gbé lé mi lórí, n kò ní jiyàn. Ẹ ṣáà dé ibẹ̀, kí ẹ sì padà sílé, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.